Obìnrin Tí Ó Mọ Ara Rẹ̀: Àsọyé lórí Ìdàgbàsókè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti



Ìbéèrè kan ni a gbé wá síwájú yín. Kì í ṣe ìbéèrè tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń bi ara wọn ní ìkọ̀kọ̀ tí wọn kò sì sọ ọ́ síta. Òun ni pé: báwo ni obìnrin ṣe lè gbé ayé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí òun í ṣe ní òtítọ́, tí kì yóò sì jẹ́ ẹni tí ojú àwọn ẹlòmíràn ń dá? Báwo ni ó ṣe lè fi ète rìn, tí kì yóò fi jẹ́ pé ibi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ni yóò máa tẹ̀ sí?

Kí a má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Nígbà tí a bá wí pé kí obìnrin mọ ara rẹ̀, àwọn kan a rò pé agídí ni a ń kọ́ ọ, tàbí pé a ní kí ó kọ ọkọ àti ọmọ sílẹ̀ kí ó sì máa ṣe ohun tí ó bá wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí ó ń ṣe ohun tí ó wù ú lójoojúmọ́ kò tíì mọ ara rẹ̀, nítorí ohun tí ó wù ú ní òwúrọ̀ lè má wù ú mọ́ ní àṣálẹ́. Ẹni tí ó mọ ara rẹ̀ ni ẹni tí orúkọ tí ó ń jẹ́, ẹgbẹ́ tí ó ń kó, aṣọ tí ó ń wọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ, àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe bá ohun tí ó gbàgbọ́ nínú ọkàn rẹ̀ mu.

A lè máa fi ọ̀rọ̀ lásán ṣe àlàyé yìí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ a máa kọ́ni ju òfin lọ, nítorí náà ni a ṣe yan obìnrin kan tí ìtàn rẹ̀ kò pamọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ìyá Fẹlá olórin. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti dojú kọ owó-orí. Àwa kò fẹ́ sọ ti ìjà náà nìkan. Ohun tí a fẹ́ wò dáradára ni ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀, nítorí a kò bí i mọ́ ọn. Ó lé ní ogójì ọdún kí ó tó di ẹni tí a mọ̀ ọ́n sí.

I. Orúkọ

Ní ọjọ́ 25 oṣù October, ọdún 1900, ni a bí i ní Abẹ́òkúta. Daniel Olúmẹ́yùwá Thomas ni orúkọ bàbá rẹ̀, Lucretia Ọmọ́yẹni sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìran àwọn Sàró ni bàbá rẹ̀, èyíinì ni àwọn tí a ti kó lẹ́rú rí, tí a gbà sílẹ̀ sí Sierra Leone, tí àwọn tàbí ọmọ wọn sì padà wá sí ilẹ̀ baba wọn. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ìwé púpọ̀, wọ́n sì sọ ọmọ wọn ní orúkọ tí ó bá ìgbà náà mu: Frances Abigail.

Nígbà náà, kò pọ̀ nínú àwọn òbí tí ó gbà láti rán ọmọbìnrin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn òbí tirẹ̀ gbà. A dá Abeokuta Grammar School sílẹ̀ ní 1908 fún àwọn ọmọkùnrin. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí ìlẹ̀kùn fún àwọn ọmọbìnrin ní 1914, ọmọ yìí wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó wọlé. Ní 1919 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Wincham Hall ní agbègbè Cheshire. Ọdún 1922 ni ó padà dé sí Abẹ́òkúta láti máa ṣe olùkọ́.

Nígbà tí ó wà ní òkèèrè ni ó ṣe ohun kan tí ó dà bí ohun kékeré. Ó fi Frances sílẹ̀, ó fi Abigail sílẹ̀, ó sì ní kí a máa pe òun ní Fúnmiláyọ̀. Kò sí ibi nínú orúkọ méjèèjì tí ó fi sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ó sì ń jẹ́ irú wọn, tí ẹ sì ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú ọlá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọbìnrin yìí, nígbà tí ó jìnnà sí ilé, ni ó wá wo ilé rẹ̀. Ó rí i pé Olúfúnmiláyọ̀ ní ìtumọ̀ ní ẹnu àwọn tí ó bí i, pé ayọ̀ tí a fi fún wọn ni òun. Àwọn orúkọ kejì kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Ó yí orúkọ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n gáwùn òyìnbó ṣì wà lára rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè ọlá ní ẹnu rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni ènìyàn ń rí ara rẹ̀, ìtàn yìí kò gbà fún un. Orúkọ ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbésẹ̀ kejì sì pẹ́ kí ó tó tẹ̀ lé e.

II. Ẹgbẹ́ àwọn Lédì

Ní ọjọ́ 20 oṣù January, 1925, ó di aya Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ọmọ Josiah Ransome-Kuti, àlùfáà tí ó mọ orin kọ púpọ̀. Olùkọ́ ni ọkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Grammar School ti Ìjẹ̀bú-Òde títí di ọdún 1932, nígbà tí ó padà wá ṣe ọ̀gá èyí tí ó wà ní Abẹ́òkúta. Òun kan náà ni a fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ nígbà tí a dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1931. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí: Dolúpọ̀, Olíkóyè, Fẹlá àti Béékò. Kí àwọn tí ń wí pé obìnrin tí ó bá mọ ara rẹ̀ kò lè ní ilé fi ojú sí èyí. Ọkọ yìí kò fi ìmọ̀ aya rẹ̀ ṣe ìdíje. Títí ó fi kú ní 1955 ni ó dúró tì í. Òun pẹ̀lú fẹ́ kí àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa dìde, nítorí náà àwọn méjèèjì jọ ń fa okùn kan náà ni.

Ní 1932, lẹ́yìn tí wọ́n padà sí Abẹ́òkúta, aya olùkọ́ yìí dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Abeokuta Ladies' Club. Ẹgbẹ́ àwọn lédì ni. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tí ó kàwé, tí ó ń lọ sí ìsìn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ aya àwọn olùkọ́, àwọn àlùfáà àti àwọn akọ̀wé. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń ṣètò àpèjẹ, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìwà àti ìmọ́tótó.

Ta ni yóò bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wí? Ohun rere ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà níbẹ̀ tí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò rí, nítorí ẹni tí ó wà nínú yàrá kì í mọ bí òde ti tutù tó. A kò fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ náà, síbẹ̀ a ti í. Obìnrin tí ó ń ta ata ní ọjà, tí ó ń pa aró ní Ìtokò, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, kò ní ibi tí yóò jókòó sí láàrin wọn. Kò sí ẹni tí ó lé e, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pè é.

Ní ìgbà yìí Fúnmiláyọ̀ jẹ́ obìnrin tí a bọ̀wọ̀ fún. Ó ní ilé, ó ní ọmọ, ó ní iṣẹ́, ó ní ẹgbẹ́. Bí ó bá dúró síbẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá dá a lẹ́bi. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń dúró sí gan-an nìyẹn, nítorí ìyìn ènìyàn a máa mú ẹsẹ̀ wúwo.

III. Obìnrin ọjà tí ó fẹ́ kàwé

Ọdún 1944 ni ohun gbogbo yí padà, ohun tí ó sì yí i padà kò ní ariwo nínú. Nípasẹ̀ ọ̀rẹ́ kan, obìnrin ọlọ́jà kan tọ̀ ọ́ wá pé òun fẹ́ kọ́ ìwé kíkà. Ó gbà láti kọ́ ọ. Àwọn mìíràn gbọ́, wọ́n sì wá. Láìpẹ́ àwọn lédì àti àwọn ọlọ́jà ti ń pàdé lábẹ́ òrùlé kan náà, àwọn kan láti kọ́ni, àwọn kan láti kẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tí ó bá jókòó ti ènìyàn láti kọ́ ọ ní lẹ́tà kì í ṣàì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí àwọn obìnrin wọ̀nyí ti ń tọ́ka sí A àti B, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ìgbà ogun ni. Ìjọba ń wá oúnjẹ fún àwọn ọmọ-ogun, àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ sì ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á, láìsan iye tí ó tọ́. Bẹ́ẹ̀ ni owó-orí tún wà níwájú wọn, owó-orí tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san láti 1918, tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn.

Fúnmiláyọ̀ kò mọ nǹkan wọ̀nyí tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ó mọ̀ ọ́n. Ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀, àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ó sì ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn. Ìwé tí ó kà ti fi ògiri sí àárín òun àti wọn. Nígbà náà ni olùkọ́ di akẹ́kọ̀ọ́. Ó fi lẹ́tà kọ́ wọn, wọ́n sì fi ayé kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ náà gbé ọ̀ràn ìrẹsì dìde, wọ́n kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ, wọ́n mú un dé inú ìwé ìròyìn, ní 1945 a sì dáwọ́ gbígba ìrẹsì náà dúró.

Ní 1946 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà. Kò jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn Lédì mọ́. Ó di Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ẹ wo bí ó ti bá ti àkọ́kọ́ mu: ọmọbìnrin tí ó fi Frances sílẹ̀ ní òkèèrè ni ó fi Lédì sílẹ̀ ní ilé. Ṣùgbọ́n nígbà àkọ́kọ́, orúkọ òun nìkan ni ó rí. Nígbà kejì, ó rí orúkọ tí ó lè gba gbogbo wọn.

IV. Aṣọ àti èdè

Láti ìgbà yìí ni ó ti fi gáwùn òyìnbó sílẹ̀. Ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó wé gèlè, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó bá sì dojú kọ àwọn aláṣẹ òyìnbó, èdè Yorùbá ni ó ń sọ sí wọn, tí wọ́n fi ní láti wá ògbufọ̀. Obìnrin yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọ̀wé wọn lọ.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé, kí ni aṣọ ní í ṣe pẹ̀lú òtítọ́? Ǹjẹ́ ìró kan ṣoṣo kò lè bo ọkàn èké bí gáwùn ti lè bò ó? Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè bò ó. Bí ó bá jẹ́ pé láti fi ṣe ẹwà tàbí láti gba ìyìn ni ó fi wọ̀ ọ́, a kì bá tí sọ ọ́ níhìn-ín. Ìdí tí ó ní ni ó mú kí ó jẹ́ ohun tí ó yẹ fún ìrònú. Aṣọ òyìnbó ń sọ fún obìnrin ọjà pé, "Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú yín." Ohun tí ó gbàgbọ́ kò sì bá èyí mu mọ́. Èdè náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Ajẹ́lẹ̀, àwọn méjì péré ni yóò gbọ́ ara wọn, gbogbo ìyá tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì di ìran. Bí ó bá sọ Yorùbá, gbogbo wọn gbọ́, Ajẹ́lẹ̀ nìkan ni a ní láti túmọ̀ fún. Nítorí náà kì í ṣe pé ó kọ ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lò ó, ó sì mọ ẹni tí ó yẹ kí ó lò ó fún. Èyí ni à ń pè ní fífi ète gbé ayé.

V. Owó-orí

A ó sọ ti ìjà náà ní kúkúrú. Ní ìgbà náà, Aláké, Sir Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, ni ìjọba òyìnbó fi ṣe aláṣẹ kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn obìnrin tí ń san owó-orí kò sì ní ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin a bẹ̀rẹ̀ sí í san owó-orí ní ọmọ ọdún 15, ọmọkùnrin ní 16. Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin béèrè pé kí a mú owó-orí obìnrin kúrò, kí a sì jẹ́ kí obìnrin ní ohùn nínú ìgbìmọ̀. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n rán ènìyàn, wọ́n ní kí a yẹ ìwé ìṣirò owó wò. Fúnmiláyọ̀ fúnra rẹ̀ kọ̀ láti san owó-orí tirẹ̀, a sì mú un lọ sí ilé-ẹjọ́, a dá owó ìtanràn lé e.

Ní ìparí 1947, àwọn obìnrin tí ó lé ní 10,000 jókòó níwájú ààfin Aláké ní ọ̀sán àti ní òru. Nígbà tí a kò fún wọn ní ìwé àṣẹ láti tọ́ ìlú já, wọ́n ní àríyá ni àwọn ń lọ ṣe. Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ti ṣe bí àwọn ọlọ́pàá bá ju èéfín tajútajú sí àárín wọn. Ní 1948 a mú owó-orí àwọn obìnrin kúrò, obìnrin mẹ́rin sì wọ inú ìgbìmọ̀ ìlú, Fúnmiláyọ̀ pẹ̀lú wọn. Aláké kúrò ní ìlú ní oṣù July ọdún náà, ó sì kọ̀wé fi oyè sílẹ̀ ní oṣù January, 1949.

Kí a má ṣe fi apá kan ìtàn pamọ́. Ní ìparí ọdún 1950 Aláké padà sórí oyè rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1962. Àwọn kan nínú Ẹ̀gbá kò sì dẹ́kun láti wí pé obìnrin kan kò yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọba. A kò wá láti tún ẹjọ́ náà dá. Ohun tí a fẹ́ kí a mọ̀ ni pé ẹni tí ó bá fi ète rìn kì í borí ní gbogbo ìgbà, ohun tí ó bá sì borí lónìí lè tún padà wá lọ́la. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ìṣẹ́gun nìkan ni ó fi ń ṣiṣẹ́, ì bá ti jókòó ní 1950.

VI. Iye tí ó ná an

Kò jókòó. Ní 1949 ẹgbẹ́ náà ti tàn kọjá Abẹ́òkúta, ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Nàìjíríà. Ó rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ púpọ̀, ó dé Ṣáínà ní 1956, nítorí ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ni ìjọba sì ṣe kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe ní 1957. Ní 1959, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC tí ó ti bá ṣiṣẹ́ pẹ́ kò fà á kalẹ̀ fún ìdìbò. Ó dá dúró, kò sì wọlé. Ọlá náà kò ṣàì dé: Yunifásítì ti Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1968, ní 1970 sì ni ó gba Ẹ̀bùn Àlàáfíà Lenin láti Rọ́ṣíà.

Nígbà ogbó rẹ̀, ó tún orúkọ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí Fẹlá ọmọ rẹ̀ fi Ransome sílẹ̀ tí ó sì ń jẹ́ Aníkúlápó, ìyá pẹ̀lú tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó ti lé ní 70 ọdún ṣì ń yẹ ara rẹ̀ wò bóyá orúkọ òun bá ọkàn òun mu. Ní ọjọ́ 18 oṣù February, 1977, àwọn ọmọ-ogun ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá arúgbó yìí láti ojú fèrèsé òkè. Kò bọ́ nínú ìpalára náà. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù April, 1978.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀nà tí a ń júwe jẹ́ ọ̀nà ìrọ̀rùn. Ẹni tí ó bá bọ́ ìbòjú kúrò, gbogbo ojú ni yóò rí i, àti ti ọ̀rẹ́ àti ti ọ̀tá.

VII. Ohun tí a rí kọ́

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni pé kò sí ọjọ́ orí tí ó pẹ́ jù. Bí obìnrin yìí bá kú ní ọmọ 40 ọdún, a ó rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aya ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ènìyàn rere tí ó mọ abẹ́rẹ́ lò. Kí obìnrin tí ó ti tọ́ ọmọ tán, tí ó sì ń wí ní ọkàn rẹ̀ pé ìgbà ti kọjá, má ṣe wí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èkejì ni pé ènìyàn kì í dá rí ara rẹ̀ nínú yàrá. Àwọn kan ń rò pé bí àwọn bá jókòó jẹ́ẹ́, tí wọ́n sì ń wo inú ọkàn wọn, wọn yóò mọ ẹni tí àwọn í ṣe. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dára, ṣùgbọ́n Fúnmiláyọ̀ kò rí ara rẹ̀ títí ó fi jókòó ti obìnrin tí kò dà bí i tirẹ̀. Ojú ẹlòmíràn ni dígí tí ó fi rí ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé kí a jẹ́ kí ohun tí ó hàn bá ohun tí ó pamọ́ mu. A kò ní kí gbogbo obìnrin fi gáwùn sílẹ̀, tàbí kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ ìrìbọmi rẹ̀. Ẹnìkan lè máa jẹ́ Abigail kí ó sì jẹ́ òtítọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ pé: èyí tí mo ń ṣe yìí, ṣé mo mọ ìdí rẹ̀, àbí mo ń ṣe é nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni mo bá a?

Ẹ̀kẹrin ni ó kàn wá jù. Ẹ̀yin tí ẹ lè ka ìwé yìí, ìwé ti fún yín ní ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà lè di ògiri. Ẹ wo àárín ẹgbẹ́ yín ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, kí ẹ ka àwọn tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni tí kò sí níbẹ̀, àti ìdí rẹ̀ tí kò fi sí. Bóyá kò sí ẹni tí ó lé e. Bóyá kò sí ẹni tí ó pè é. Bí obìnrin kan bá tọ̀ yín wá pé òun fẹ́ kọ́ ìwé kíkà, ẹ má ṣe rò pé òun nìkan ni yóò kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì jókòó tì í.